Iná Tí Kò Rí Ìkúnlẹ̀

Ilé-iṣẹ́ Abọ́ Páànù,
Ọ̀mù-Àrán.
11 Oṣù Kẹfà, 1988.

Jàrátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé ní Ṣàrẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Nímọ́tà ọmọ rẹ wà láàyè, ara rẹ̀ sì pé. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí àyà rẹ má baà já sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

O mọ̀ pé èmi ni mo mú un wá sídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ páànù di abọ́. Bí irin orí rẹ̀ bá já lu ọwọ́, ọwọ́ lọ nìyẹn. Ọ̀gá wá ní kí Bámigbóyè, ẹnjiníà wa, yan kọ́tìnnì iná fún ẹ̀rọ náà. Má rò pé aṣọ ni o. Òpó kékeré méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún ẹnu ẹ̀rọ, ọ̀kan lósì, tí iná tí ojú ò rí ń gba àárín wọn kọjá. Bí ọwọ́ bá gé iná náà, ẹ̀rọ á dúró lójú ẹsẹ̀. Mo wò ó títí, ẹnu mi ò lè pa dé.

Òpó náà ní kúkúrú, ó sì ní gígùn. Bámigbóyè yẹ̀ wọ́n wò dáadáa: ìlà iná gbọ́dọ̀ sún mọ́ra tí ìka ò fi ní ráàyè láàárín wọn, òpó sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí irin kí ẹ̀rọ lè dúró kí ọwọ́ tó débẹ̀. Méjèèjì yege. Ó mú kúkúrú, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó dúró lọ sókè. Gbogbo wa ní ó dára.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a dán an wò, mo wọlé. Ìwọ lo kọ́ ọmọ rẹ pé kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán kí àgbà. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di tábìlì ẹ̀rọ mú kó má baà ṣubú. Ọwọ́ náà gba abẹ́ iná wọlé. Iná ò rí i. Irin ti ń bọ̀ wálẹ̀. Bámigbóyè tó dúró ti bọ́tìnnì ìdádúró ló fi ọwọ́ gbá bọ́tìnnì náà wọlé. Irin dúró, ó ti há etí apá bùbá rẹ̀. Ọmọ rẹ ò tíì mọ nǹkan kan, orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà tó ń kí mi, "Ẹ káàárọ̀ o, màmá."

Ẹnìkan ní kí wọ́n fòfin de ìkúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Mo ní irọ́ ni, orúnkún ọmọ wa á ti kanlẹ̀ kó tó rántí òfin. Bámigbóyè ò jiyàn. Ó ní kí n kúnlẹ̀, ó wọ̀n mí. Òun náà tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀rọ pé kí wọ́n wọ̀n òun, torí àwọn ọkùnrin. Èyí gígùn ló wá yàn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orúnkún. A fi pòpórò àgbàdo gba ìsàlẹ̀ wọlé. Irin ńlá yẹn dúró digbí lófuurufú, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ọlọ́run tóbi, Jàrátù.

Kí Ẹni tó pa á mọ́ fún wa má ṣe fi wá sílẹ̀. Wàá jẹ èrè ọmọ, láṣẹ Olúwa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Eunice.

Àfikún: Nímọ́tà ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ rẹ. Kò fẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí fún ọ, má bá a wí. Bó bá kúnlẹ̀ kí ọ, di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Má tètè jù ú sílẹ̀.