Aṣọ Nọ́ọ̀sì Tí Mo Rán

Olówó orí mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, iṣẹ́ aṣọ rírán sì ń lọ dáadáa. Fíìmù ayé àtijọ́ la ń ṣe báyìí, nípa sójà kan tó fara gbọgbẹ́, tí nọ́ọ̀sì kan ń kọ́ ní ìrìn padà. Èmi ni mo rán aṣọ nọ́ọ̀sì yẹn. Mo gbé kọ́là rẹ̀ dé àgbọ̀n, mo sì jẹ́ kó gùn gbálẹ̀. Ọ̀gá wa bi mí pé ṣé òtútù ń mú nọ́ọ̀sì náà ni. Mo ti tú u, mo ti tún un rán.

Mo ka lẹ́tà yín. Ẹ ní nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ti mú yín rìn dé ẹnu géètì láìlo ọ̀pá. Inú mi dùn gan-an. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ẹsẹ̀ tí ìbọn bà yẹn tẹlẹ̀, ẹ ní ó ń dùn yín. Mi ò jowú o. Mo kàn ń béèrè ni: ṣé èjìká rẹ̀ lẹ fi ń ṣe ọ̀pá?

Ẹ bá mi kí i. Ẹ kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ìyàwó yín. Èjìká tèmi náà ṣì le.