Ẹsẹ̀ Ẹnikẹ́ni Ò Kàn Ọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Gbogbo ilé ń kí ọ. Orúnkún ìyá wa ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ ń kí ọ; ẹ̀rọ ìránṣọ tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bàbá nìkan ni ara rẹ̀ ò balẹ̀. Látìgbà tí o ti ṣubú, tí wọ́n fún yín ní pẹnárítì tí ẹ fi na orílẹ̀-èdè kejì, àwọn oníròyìn ní gbogbo yín kàn kó ara yín dí ẹnu gòólù yín ni, wọ́n wá sọ ìwọ ní "Aṣubú-láìkọsẹ̀". Oníbàárà kan pè ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo lé e jáde, mo ju aṣọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Àfi bí wọ́n ṣe tún fi àwòrán bí o ṣe ṣubú hàn lánàá. Bàbá, tó fi ogún ọdún ṣe rẹfirí, sún mọ́ tẹlifíṣàn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kàn án." Kò tíì jẹun kánú láti àná.

Èmi náà rí i. Mo lè gbèjà rẹ níta, mi ò lè gbèjà rẹ níwájú Bàbá. Jọ̀ọ́, pè é lónìí, kí o sọ òótọ́ fún un. Tó bá bú ọ, gbà á.

Olúwa á pa egungun rẹ mọ́. Fóònù Bàbá wà níwájú rẹ̀ láti àárọ̀. Ó ní òun ò retí ìpè ẹnikẹ́ni.

Èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.