Ìrọ̀lẹ́ Tí Gordon Fi Orin Pe Bíńgò

Barnsley,
Ọjọ́ Ẹtì.

Norman, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Australia lọ́hùn-ún? Pauline àtàwọn ọmọ ńkọ́? Mo lérò pé oòrùn ibẹ̀ ń ṣe orúnkún rẹ lóore, nítorí òjò tiwa níbí kò tíì sinmi. Ara èmi náà le. Etí òsì nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́, ìlù rẹ ló sì bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Gordon ló mú mi kọ̀wé. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ sí i lọ́fun. Dókítà ní yóò lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ kó má retí orin mọ́. O mọ̀ ọ́n: ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọrin fáwọn èèyàn tó kàn wá mu bíà. Rọ́ọ̀kì la pè é. Mi ò mọ ohun táwọn pè é. Àwo wa kan ṣoṣo tó tà, àwọn ìyá wa ló rà á. Ó wá bẹ̀ mí pé, “Clive, jẹ́ kí n kọ ‘Ọkọ̀ Ojú Irin Ìkẹyìn’ tán ní kílọ́ọ̀bù awakùsà, lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n tó gé mi lọ́fun.”

O rántí pé a ò kọ orin yẹn parí níbẹ̀ rí. Tá a bá ti dé àárín, bíńgò á ti yá: kálukú á dorí kọ káàdì rẹ̀, á máa fa igi sí nọ́ńbà tí wọ́n bá pè, kí tirẹ̀ lè kọ́kọ́ kún kó sì gba ẹ̀bùn. Bíńgò kì í sì í dúró de olórin.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Sátidé. Gordon ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóhùn sókè ni Maureen, alábòójútó eré, bá yọ wáyà gìtá mi. “Ó tó gẹ́ẹ́, Gordon mi! Ẹran ń yọ́ lórí tábìlì.” Itan àgùntàn ni ẹ̀bùn ọjọ́ náà.

“Maureen, jọ̀ọ́, ó ti fẹ́ẹ̀ parí.”

“Ohun tó o sọ nìyẹn nígbà tí mo ṣì ń wọ síkẹ́ẹ̀tì kékeré. Bọ́ sílẹ̀!”

Àṣé òtútù ti gba ohùn Derek tó máa ń pe nọ́ńbà. Gordon nawọ́. Ó gba máíkì, ó ṣẹ́jú sí mi pé kí n so wáyà padà, ló bá ń fi orin wa pe nọ́ńbà: ó pe nọ́ńbà kan, ó kọ ìlà orin kan. “Ìyá sísanra méjì, mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́jọ, méjìdínláàádọ́rùn-ún!” Norman, ilé pa rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó gbé ife. Gbogbo wọn di kálámù mú, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu rẹ̀ jáde, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tá a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, torí bí ẹnì kan bá ti pariwo pé òun jẹ, eré parí. Mo wá rí Edna Sugden, ìyá tó máa ń fẹjọ́ ariwo wa sùn. Káàdì rẹ̀ ti kún! Ìwọ náà mọ òfin: tí wọ́n bá pe nọ́ńbà mìíràn kí ẹni tó jẹ tó pariwo, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀bùn mọ́. Edna gbé ife rẹ̀ lé káàdì náà, ó ń wo Gordon. Nọ́ńbà mìíràn jáde. Òmíràn tún jáde. Gordon kọ ìlà ìkẹyìn, ó fà á gùn títí èémí fi tán. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá kan lẹ́nu ọ̀nà tó pariwo pé, “Mo jẹ!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bóyá fún Gordon ni, bóyá fún ẹran ni. Mi ò mọ̀, mi ò sì bèèrè. Gordon ń sunkún bí ọmọdé.

Mo bi Edna ìdí tí kò fi pariwo.

“Pariwo kẹ̀? Ẹ̀yin ò tíì pariwo tó ni? Ẹran àgùntàn ò bá mi lára mu.”

Norman, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Edna ń jẹ ẹran àgùntàn.

Kí ara rẹ ó le, kí ilé rẹ ó tòrò, kí ojú wa tún rí ara wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, onígìtá ẹgbẹ́ wa,
Clive Womersley.

Àfikún: Gordon ní kí n sọ fún ọ pé nígbà tí kò sí onílù, orin náà ò sáré.