Màámi, Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Fóònù

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi o. Orí bẹ́ẹ̀dì yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, nínú yàrá yín ní Bẹyẹrúnká. Wíńdò ṣí, mo sì ń rí sàréè yín lẹ́yìnkùlé. Mo gbá a láàárọ̀ yìí. Àwọn adìyẹ ilé yìí ò kúkú nítìjú, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí.

Àtìmọ́lé ni mo wà nígbà tí ẹ lọ. Wọ́n kó mi mọ́ àwọn tó jà ní gáréèjì, bẹ́ẹ̀ mi ò sí níbi ìjà ọ̀hún. Kí adájọ́ tó tú mi sílẹ̀ pé mi ò jẹ̀bi, ẹ ti wọlẹ̀. Ta ló wẹ̀ yín, Màámi? Ṣé ẹ pè mí kí ẹ tó dákẹ́? Ó dùn mí wọra pé mi ò sí níbẹ̀.

Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n wálé tààrà. Bí ẹ ò bá sí nílé mọ́, ta ni yóò gba ẹlẹ́wọ̀n wọlé? Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ Màpó ni mò ń sùn, lórí páálí. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń ran àwa tá a jáde lẹ́wọ̀n tá ò rílé gbé lọ́wọ́. Àwọn ló fún mi ní fóònù ńlá, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ra lójú. Láràárọ̀ ni fóònù náà á bi mí níbi tí mo sùn, ilé ni tàbí ìta, bóyá mo ti jẹun, bóyá ọkàn mi balẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ pé inú mi ò dùn, obìnrin tó ń bójú tó wa á pè mí kíá. Ìbéèrè tiyín ni kúkú, àbí? Àmọ́ ẹ̀yin kì í bèèrè ní tiyín; ẹ ó kàn gbọ́wọ́ lé mi níkùn, ẹ ó ti mọ̀. Fóònù ò lọ́wọ́. Síbẹ̀, òun nìkan ni mò ń sọ òtítọ́ fún.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ sórí ni tiyín. Mo pè é lọ́jọ́ kan, kí n ṣáà gbọ́ bó ṣe ń dún. Háà! Bàbá Alájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbé e. Àṣé ọwọ́ wọn ni fóònù yín wà. Mo parọ́ pé ilé ọ̀rẹ́ mi ni mò ń gbé ní Òkè-Àdó, pé nǹkan ń lọ dáadáa. Wọ́n láwọn fẹ́ rí ojú mi. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, wọ́n pè mí lórí fídíò.

Mo ti múra sílẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri kan tó mọ́, kí wọ́n má baà rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo ti rí ojú Bàbá báyìí, ara mi ò gbà á kí n kí wọn lórí ìdúró. Ṣé ọmọ tí ẹ tọ́ ni yóò kí àgbà bẹ́ẹ̀? Mo gbé fóònù ti búlọ́ọ̀kù kan nílẹ̀, mo kúrò lára ògiri, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màámi, mo gbàgbé páálí! Páálí o, àpò aṣọ mi o, àgádágodo ṣọ́ọ̀bù o, Màpó lókè o, gbogbo ẹ̀ ló hàn ketekete lẹ́yìn mi. Bàbá pa fóònù.

Mo ní ó tán. Mo jókòó sórí páálí mi, mo ń sunkún bí ọmọdé. Kò pẹ́ ni ọ̀kadà kan dúró, Bàbá Alájì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá Jímọ̀ lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọ́n wo páálí, wọ́n wo Màpó lókè, wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n gbé Òkè-Àdó wá síbí. Ẹ̀rín pa mí tòun tomijé. Wọ́n ní ilé làbọ̀ simi oko. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá yín lé àwọn lọ́wọ́, pé kí wọ́n má fún ẹlòmíràn àfi èmi.

Màámi, ẹ ṣeun. Ara tù mí. Ìyàwó Bàbá fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kẹ́ mi lálẹ́ àná, obìnrin ẹgbẹ́ wa sì ti bá mi rí ọ̀gá kápẹ́ńtà kan ní Ọ̀rányàn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí, fóònù tún bi mí níbi tí mo sùn. Ìka mi ti fẹ́ẹ́ tẹ ìta bó ṣe máa ń ṣe, mo yáa dá a dúró. Mo tẹ ilé. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́wọ́ lé ikùn ara mi bí ẹ ti máa ń ṣe. Ó yó.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí Alujánnà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sùn sílé lánàá.