Ọṣẹ Tí Mo Ń Kọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Màámi, ẹ kú àárò mi. Ara mi le, ìlú ọkọ mi, Òṣíẹ̀lẹ̀, sì ti ń mọ́ mi lára. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ìyá ní ọṣẹ ṣíṣe báyìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá ọkọ mi, tó wà lára wọn, fẹ́ da omi sórí kọ́sítíìkì, èròjà ọṣẹ tó máa ń jó ni lára. Mo mọ̀ pé kọ́sítíìkì ló yẹ ká dà sínú omi, ṣùgbọ́n ìyàwó ọ̀ṣìngín wo ló ń tọ́ ìyá ọkọ sọ́nà lójú èèyàn? Wọ́n dà á, ó hó, ó sì ta jó wọn lọ́wọ́.

“O mọ̀, o dákẹ́?” ni wọ́n bi mí. Mo kúnlẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọṣẹ ní ìbéèrè la fi ń kọ́ àgbà: “Ìyá, èwo la ó kọ́kọ́ dà?” Màá gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n bá wá. Ọwọ́ wọn ti ń san.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ọkọ mi náà ì bá kí yín, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti ń jẹun láti ọjọ́ náà.

Adébímpé yín