Mo Ka Òkèlè Mọ́ Yéjídé Lẹ́nu

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ìlàré, Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 2025.

Àyọ̀kẹ́, ẹnìkejì mi,

Báwo ni òtútù Leeds? Ṣé àlàáfíà ni màmá rẹ wà, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Adéolúwa àbúrò rẹ ńkọ́? Sọ fún un pé bàtà rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mi ò tíì tà á. Ara èmi náà le. A ti jọ ṣàdéhùn pé Yorùbá nìkan la ó máa kọ síra wa, nítorí náà fara balẹ̀ kà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn ún sọ.

Ọ̀rọ̀ Yéjídé ni, ọmọ àbúrò bàbá mi, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé lọ́dọ̀ màmá àgbà. Ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Òkè-Ògbó. Ọ̀túnla tó jẹ́ Sátidé ni yóò ṣe fírídọ̀ọ̀mù, tí ọ̀gá rẹ̀ yóò gbàdúrà fún un, tí yóò sì fún un níwèé pé ó ti kọ́ṣẹ́ yanjú. Òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà, aláwọ̀ ewé, ó sì bá a lára mu régí.

Nínú ilé yìí, àwo kan ni àwa méjèèjì fi ń jẹun. Bí màmá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Àyọ̀kẹ́, o ò tíì rí bí Yéjídé ṣe ń jẹ iyán. Yóò ká apá aṣọ sókè, yóò ki òkèlè bọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí títí yóò fi kan ẹja, yóò sì máa sín ọ̀gá rẹ̀ jẹ, a ó máa rẹ́rìn-ín. Ó sanra díẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, kò sì jọ pé ó mọ̀. Èmi á bu òkèlè mẹ́ta bí èékánná, màá ní mo ti yó. O mọ irọ́ yẹn. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ọ, nígbà tí tíì lásán jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán wa, tí a ń gun ìwọ̀n láràárọ̀.

Mo jowú rẹ̀. Kì í ṣe kékeré. Mo jowú bó ṣe ń lá ìka. Mo jowú bí màmá ṣe ń wò ó tó bá ń jẹun, bí ẹni ń wo sinimá. Èmi rèé, ara tínínrín tí wọ́n ń yìn lọ́hùn-ún, ọdún márùn-ún ni mo fi ebi wá a. Mo gbé e dé Ìlàré, wọ́n ń bi mí pé ṣé àìsàn ló ṣe mí.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó wọ aṣọ náà wá fi hàn mí. "Àǹtí Dayọ̀, ẹ wò ó, ṣé ó dáa?" Ó dáa débi pé ó dùn mí. Mo ní ó dáa o, ṣùgbọ́n kó wá nǹkan ṣe sí ikùn yẹn, torí fọ́tò kì í fi ikùn pa mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín tán.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé ni, ó gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ló ra tíì tó ń fa ikùn wọlé lọ́wọ́ Khàdíjàh tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́. Ó ti gba aṣọ náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Wọ́n ń kí i ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Yéjí lẹ́pa, kọ́ wa náà." Ṣé o mọ̀ pé mo jowú ìyẹn náà?

Lánàá, màmá gbé iyán kalẹ̀. Yéjídé bu òkèlè mẹ́ta bí èékánná. Ó ní, "Mo ti yó, mà." Ohùn tèmi gan-an ni. Màmá kò gbójú kúrò lára àwo. Wọ́n ní, "Ta ló ń ka òkèlè mọ́ ọmọ yìí lẹ́nu nínú ilé mi?"

Kò sí èébú tó tó ìyẹn lẹ́nu wọn. Ahun àti ọ̀tá nìkan ló ń ka òkèlè mọ́ èèyàn lẹ́nu. Èmi sì ti ń kà á láti oṣù kẹfà tí mo ti dé, Àyọ̀kẹ́. Mẹ́rìndínlógún ni, lọ́jọ́ tí iyán bá kúnná.

Mo ní, "Èmi ni, mà." Mo wá kọjú sí Yéjídé, mo ní irọ́ ni mo pa, aṣọ yẹn kò ní àléébù kankan, ìlara ló ṣe mí.

Mo bu òkèlè kan, òkèlè gidi, mo gbé e mì. Mo bu òmíràn. Ó dùn débi tí ẹ̀rù bà mí. Ìgbà tí mo nawọ́ sí ẹja ni Yéjídé gbá ọwọ́ mi kúrò. "Ẹ rọra o, Àǹtí. Ẹja mi nìyẹn." Ló bá bu iyán.

Láàárọ̀ yìí, ó ń tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà síta, mo bá a dì í mú. Ó ní òun kò tíì dárí jì mí, kí n ṣáà di aṣọ mú dáadáa. Màmá kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bu ẹja méjì sínú àwo wa.

Bá mi kí gbogbo ilé. Ìwọ náà, kí lo jẹ lónìí? Má parọ́ fún mi.

Èmi tí mo ṣì ń jowú, ṣùgbọ́n tí mo ti jẹun,
Ìfẹ́dayọ̀.