Sí Yonsil, Lórí Ìkòkò Irú Ìyá Rẹ àti Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ìwé Tí Wọn Kò Kà

Dolgogae,
lẹ́yìn tí òjò ńlá ti dá.

Yonsil ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun ní àárọ̀, àbí kọfí lo ṣì ń mu dípò oúnjẹ? Kí ìyá rẹ tó sùn sórí òkè lẹ́yìn oko ata wa máa wo ẹ̀yìn rẹ, kí ìgboro Daegu má ṣe gbé ọ mì, kí àtẹ̀gùn ilé gíga tí ò ń gbé má ṣe pa ọ́ lórúnkún. Tèmi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi lọ síbi tí mo bá ń lọ. Ajá wa ti bímọ. Ata pọ́n dáadáa, òjò ba èyí tó wà létí odò jẹ́. Ìyá Sangju ní kí n kí ọ.

Kí o tó ka ìyókù, jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí o mọ̀ pé èmi kò mọ̀wé. Bae Hyosun ni, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ìjọba níbí. Òun gan-an ni mo bá jà, ìjà náà ni mo sì fẹ́ rò fún ọ. Nítorí náà, bí o bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, mọ ẹni tó wọ́ ọ. Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ǹ bá ti bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi, ṣùgbọ́n obìnrin tó máa ń gbé fóònù rẹ ti sú mi. Mo kí i dáadáa, mo ní èmi ni bàbá Yonsil, kó bá mi pè ọ́ wá. Ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo ní níbo ló lọ. Ó tún ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ. Bó bá jẹ́ pé ilé ìkàwé tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Daegu lòun náà wà, ìbínú ọ̀gá yín ti ń yé mi.

Torí ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín tuntun yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Nígbà tí o pè mí kẹ́yìn, o ń sunkún. O ní ó ti pàṣẹ pé gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa lọ ka ìwé kan parí nílé lóṣooṣù, kí kálukú sì dúró síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò ó. O ní, Bàbá, kì í ṣe ìwé kíkà ni wọ́n gbà mí fún, ìwé títò ni wọ́n gbà mí fún. O ní wàá fiṣẹ́ sílẹ̀, wàá padà wálé wá bá mi ká ata. N kò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, torí ìkòkò ìyá rẹ ló wà lọ́kàn mi. Mo ti ní èsì báyìí. Má fiṣẹ́ sílẹ̀. N kò fẹ́ rí ọ lóko ata mi. Jókòó kí o gbọ́ ìdí rẹ̀.

O mọ ìkòkò irú sóyà tó wà ní igun ẹ̀yìnkùlé, èyí tí etí rẹ̀ kán. Òun nìkan ló kù nínú èyí tí ìyá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, a ti jẹ àwọn yòókù tán. Mo tọ́jú rẹ̀ fún ọbẹ̀ ọjọ́ ìrántí rẹ̀, torí n kò lè gbé ọbẹ̀ irú inú ike tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù síwájú obìnrin yẹn. Á kàn dìde kúrò nídìí tábìlì tí a ń tẹ́ fún ẹ̀mí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Lẹ́yìn òjò, mo ṣí ìkòkò náà, mo rí ohun funfun kan tó bo ojú irú náà pátápátá. N kò mọ̀ bóyá ó ti kú ni o, àbí àìsàn ló ń ṣe é. Ìyá rẹ kò kọ́ mi. Ó máa ń lé mi kúrò nídìí àwọn ìkòkò rẹ̀ ni, ó ní ìgbẹ́ màlúù wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mo lọ bi àwọn obìnrin ní ilé tí àwọn àgbà abúlé ti ń péjọ. Ọ̀kan ní kí n dà á nù. Èkejì ní kí n da ata lé e lórí. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn nírun. Mo ní ó tó. Ìjọba kọ́ ilé fún ìwé, ó fi èèyàn síbẹ̀, ó ń san owó oṣù fún un. Ẹni yẹn ló yẹ kó mọ̀.

Mo wọ kóòtù tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó rẹ, mo lọ. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó kí mi káàbọ̀. Mo tẹrí ba fún un, mo bi í pé àwọn ará ilé ńkọ́, kò dáhùn. Mo rí Bae nídìí tábìlì, mo sọ fún un pé ìwé tó sọ nípa ìkòkò irú tí ojú rẹ̀ funfun ni mo ń wá. Ó ya àwòrán mi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kékeré kan, ó ní kí n máa mú un lọ. Mo ti fi í sáàárín ìwé ilẹ̀ wa, torí n kò mọ ohun tí ìjọba fẹ́ fi ojú mi ṣe. Ó wá tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó dìde, ó mú ìwé kan wá tí wọ́n ya ìkòkò sára ẹ̀yìn rẹ̀, ìkòkò tó rẹwà, ó jọ tiwa. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tan iná pupa sí i, ẹ̀rọ náà dún, mo sì rí i pé ẹ̀rọ ti kà á tán. Ìwé tó nípọn tó búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rù bà mí.

Ìyá Sangju ló ka ìwé náà fún wa ní ilé àwọn àgbà, torí òun ló pẹ́ jù nílé ẹ̀kọ́ nínú àwọn obìnrin ibẹ̀. Ìtàn obìnrin kan ni. Ọkọ rẹ̀ sú u, ó kó òkúta sínú gbogbo ìkòkò rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, ó ń bá ọkùnrin kan jó. Àwọn obìnrin tó wà nínú yàrá náà ń fi ẹ̀rín yí gbiri nílẹ̀. Wọ́n ní, Bàbá Yonsil, ṣé irú tí ẹ ń wá rèé? Wọ́n ní, ẹ sọ fún wa tó bá jẹ́ ìyàwó tó mọ ijó jó lẹ fẹ́, kò yẹ kí ẹ máa fi ìkòkò bojú. N kò bínú. Mo fara da ijó náà, torí mo rò pé obìnrin yẹn máa padà wálé wá ṣí ìkòkò, tí wọ́n á wá sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá Sangju kà á títí ó fi parí. Obìnrin náà kò padà. Gbogbo ìgbà tó fi ń jó yẹn, nǹkan funfun náà ń nípọn sí i nínú ìkòkò ìyá rẹ.

Mo gbé ìwé náà padà. Mo bi Bae bóyá ó kà á. Ó ní rárá. Mo ní kí ló wá dé tó fi fún mi. Ó ní ìkòkò lòun rí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní èmi náà rí ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀, èmi tí n kò mọ̀wé, kí wá ni ìyàtọ̀ àwa méjèèjì? Ó ní, Bàbá, ìwé inú ilé yìí lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹnì kan ṣoṣo ni mí. Mo ní gbogbo rẹ̀ kọ́ ni mo bi ọ́, ẹyọ kan ni mo bi ọ́. Mo ní kó bi ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà náà, ṣebí òun ti kà á. Ó ní nọ́mbà ìwé nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀, kò mọ inú rẹ̀. Mo ní ó dáa, ìwọ àti ẹ̀rọ ti dọ́gba.

Ìgbà yẹn ni inú bí i. Ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn, torí láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, gbogbo èèyàn ló ń fi ohùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Bae kò gbé mi bí ẹyin. Ó ní ta ni mo rò pé ó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀? Ta ló ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ta ló ń kọ́ àwọn arúgbó bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán ọmọ-ọmọ wọn lórí fóònù? Ó ní lọ́jọ́ tí òun ṣí ìwé kan sórí tábìlì, ẹnì kan lọ fẹjọ́ sùn pé òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó, ó ń ka ìtàn, ọ̀gá òun sì kìlọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ ṣíwèé lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Bí òun bá sì délé, ìyá ọkọ òun tó ń ṣàìsàn ló ń dúró de òun, kì í ṣe ìwé.

Yonsil, ọ̀rọ̀ yẹn mú kí n jókòó. Wọ́n fi èèyàn ti ìwé, wọ́n wá ní kó má ṣí i.

Mo fa àga, mo gbé e síwájú tábìlì rẹ̀ gan-an. Mo ní oníbàárà ni mí, páálí tó ní ojú mi wà nílé. Mo ti béèrè ìbéèrè. Máa wá ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé, kí o kà á lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá bi ọ́ pé kí lò ń ṣe, ọ̀dọ̀ mi ni kó wá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fún màlúù lóúnjẹ tán, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ó ń kà, mo ń ṣọ́ ọ.

Ọ̀gá rẹ̀ wá, ọkùnrin kan tó wọ táì. Ó ní, Bàbá, ẹ máa bínú, kò sí òfin tó ní dandan ni kí òṣìṣẹ́ wa máa kàwé. Mo ní nígbà tí màlúù mi kọ oúnjẹ, dókítà ẹran wá, ó la ẹnu rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Kò dúró kó máa ka nọ́mbà tó wà létí rẹ̀ fún mi. Ó ní ìwé kì í ṣe màlúù. Mo ní mo mọ̀, màlúù ṣeé tà. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó tún yọjú, mo ṣì wà lórí àga. Kò yọjú mọ́.

Bae ka gbogbo ìwé tó rí lórí irú. Ọ̀kan ní kí a da gbogbo rẹ̀ nù. Òmíràn ní kí a ṣí funfun náà kúrò, kí a da iyọ̀ sójú rẹ̀, kí a jẹ́ kí oòrùn rí i. Mo ní èwo ni ká gbọ́. Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, èyí tí àwòrán rẹ̀ rẹwà jù ni ì bá gbé fún mi. Ṣùgbọ́n ó ti kà wọ́n báyìí. Ó ní ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ irú inú ike ló ti ń ṣiṣẹ́, ìbẹ̀rù ló sì fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ẹni tó kọ èkejì, láti kékeré ló ti ń ṣe irú, ó tiẹ̀ kọ èyí tó bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ síbẹ̀. Èyí tó bá dúdú tàbí tó pupa, dídà nù ni. Èyí tó bá funfun pẹlẹbẹ, tó sì ń rùn bí irú, ó wà láàyè.

Ó gun kẹ̀kẹ́ wá sílé wa lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. A fi ṣíbí igi ṣí funfun náà kúrò. Irú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dán bí oyin. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo lá a. Mo wá lọ sẹ́yìn ilé lọ yẹ ọgbà wò. Bae ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ọgbà náà. Mo ní kó kọ ohun tí mo sọ, kó yéé dá sí i.

Nítorí náà, òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ pé kí ẹ máa kàwé. Ẹni tí kò bá kà á, kó lọ ṣọ́ bíríkì. Ibi tó ti ṣe àṣìṣe ni pé ó fẹ́ kí ẹ lọ kà á lóru, nígbà tí iṣẹ́ ti pa yín. Èmi kì í fi màlúù túlẹ̀ látàárọ̀ kí n tún ní kó lọ wá koríko fúnra rẹ̀ lóru. Sọ fún un pé kó fún yín ní wákàtí lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ ṣíwèé sórí tábìlì, kí gbogbo èèyàn rí i. Àti pé kí ló dé tí ẹ ó fi máa rò ó fún ara yín? Ẹni tó bá wá béèrè ni kí ẹ rò ó fún. Bí kò bá gbọ́, sọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ fún mi. Mo ti jókòó ti ọ̀gá kan, mo lè jókòó ti èkejì, mo sì gbọ́ pé àga Daegu tìmùtìmù ló wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fún yín ní wákàtí tí o sì tún kọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá wà.

Bí o ṣe wà níbẹ̀ yẹn, arúgbó kan ń bọ̀ wá bá ọ. Kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Á máa sọ̀rọ̀ ìkòkò tàbí ọ̀rọ̀ adìyẹ, wàá rò pé ó ń fi àkókò rẹ ṣòfò. Ohun tó kù fún un láyé ló gbé wá síwájú rẹ yẹn. Má ṣe gbé ìwé tí àwòrán rẹ̀ rẹwà fún un.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Iyọ̀ òkun tó dára ni mo fẹ́ rà sí ìkòkò náà. Fi owó ọkọ̀ ilé ìkàwé sí i pẹ̀lú, torí n kò tíì kúrò lórí àga mi, Bae ti ń ka ti àìsàn ata báyìí. Ìyá Sangju nílò awò ojú. Ó ní obìnrin oníjó yẹn ní ìwé kejì, kí o bá wọn wá a. Mo ní n kò ní jẹ́ iṣẹ́ náà, àmọ́ mo ti jẹ́ ẹ yìí.

Wá lọ́jọ́ ìrántí ìyá rẹ. Ọbẹ̀ irú rẹ̀ ni màá gbé síwájú rẹ̀. Ka ìwé kan parí kí o tó wọkọ̀, èyíkéyìí tó bá wù ọ́, kí o rò ó fún un nídìí tábìlì náà. Òun náà kò mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó ro ìwé kankan fún un títí ó fi kú. Má fo ibì kankan.

Kí ojú rẹ má ṣe bàìbàì, kí ẹ̀yìn rẹ má tẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè má ti ọ̀dọ̀ rẹ lọ lófo.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ma Deokbo.